Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ti ń pè mí ní "ẹ̀yin" látìgbà tí mo ti di pásítọ̀

Pásítọ̀Kékeré_Ṣágámù
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan gígùn síbí, mo kàn máa ń ka tàwọn ẹlòmíì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti àná, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ìjọ, ìyẹn gan-an wà lára ohun tó ń dùn mí.

Ọmọ ọdún 31 ni mí. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń darí ìjọ kékeré kan níbí ní Ṣágámù, àwa bíi 70 la máa ń wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí òjò bá rọ̀ a lè má tó 40. Láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé kan torí owó tí ìjọ ń rí san ò tó gbọ́ bùkátà ilé. Mo níyàwó, a ní ọmọ kan.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ìjókùn la jọ dàgbà sí, ògiri kan péré ló wà láàrin ilé wọn àti ilé wa. Ìyá ẹ̀ ń ta obì gbànja. Tá a bá ti ilé ìwé dé, abọ́ kan náà la ti máa jẹun lọ́dọ̀ ìyá yẹn, lẹ́yìn náà a ó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ a ó máa bó obì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè òun lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Lọ́dún kejì tí owó ilé ìwé ò jáde mọ́ torí ara bàbá mi ò yá, òun ló kó owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lé mi lọ́wọ́, kò bi mí pé ìgbà wo ni màá san án. Tó bá fẹ́ bú mi á bú mi tọkàntọkàn. Mo tín-ín-rín nígbà yẹn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí. "Ìwọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí, irọ́ lo tún ń pa yẹn."

Lánàá lẹ́yìn ìsìn mo pàdé ẹ̀ ní Sábọ̀. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba, ó ní "Ẹ káàsán sà. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà sà? Mọ́mì ńkọ́?" Mo rò pé eré ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò fẹ́ dá mi dúró, ó sì kọjá lọ. Màrúwá tí mo wọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń wà á mọ àwa méjèèjì, òun ló sọ fún mi pé ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá ọ̀rẹ́ mi dúbúlẹ̀. Oṣù mẹ́ta! Ìyá tó fún mi lóúnjẹ!

Ìbéèrè mi ni pé ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? Ṣé béèyàn bá ti di aṣíwájú, ọ̀rẹ́ ti tán náà nìyẹn? Kí ló dé tí ò sọ fún mi?


ÌyáẸlẹ́ja_Ìpẹ́rú
Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Màá pè ẹ́ ní "ìwọ" o, má bínú, torí mo bí ẹni tó jù ẹ́ lọ. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ibi tó o ti ní abọ́ kan náà. Ọlọ́run á gbé ìyá yẹn dìde. Má gbé fóònù pè é o. Ẹsẹ̀ ni kó o fi lọ, kó o má sì mú wọ́kà kankan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ yẹn, dání.


ÀgbàÌjọ_Ìtòrò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ti lé ní ogójì ọdún nínú iṣẹ́ ìjọ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i, bó tilẹ̀ máa korò díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín ò ṣe ohun tó burú. Ipò ló bọ̀wọ̀ fún. Tó bá dúró láàrin ìjọ tó ń pariwo Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé ọmọ ogún ọdún tó jókòó sẹ́yìn á tún gbọ́ yín lẹ́nu mọ́ tẹ́ ẹ bá ń bá a wí? A ti rí i. Mo mọ pásítọ̀ kan tó fọ̀rọ̀ ìdílé ẹnìkan lọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú ìjọ, kó tó di Sọ́ńdè kejì gbogbo kúàyà ló ti gbọ́. Ìdílé yẹn ò padà wá mọ́.

Ẹ tún wo Rèhóbóámù, ọmọ Ọba Sólómọ́nì, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 12. Àwọn àgbà tó ti bá Sólómọ́nì ṣiṣẹ́ ní kó bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ rere, kó dẹ àjàgà wọn. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó lọ bá àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, àwọn yẹn ní kó sọ pé ìka ọwọ́ òun tó kéré jù nípọn ju ìbàdí bàbá òun lọ. Ẹ̀yà mẹ́wàá ló bá ìyẹn lọ. Ọ̀rẹ́ ló ba ìjọba yẹn jẹ́. Nítorí náà ẹ fẹ́ràn gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àyè wà láàrin.


Aya_Àlùfáà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:47 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mi ò bá yín jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àṣírí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ ka ibẹ̀ sà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá a dàgbà lóòótọ́, Bíbélì sì tún ní iwájú ẹ̀ ni wọ́n ń dúró, ìyẹn ni pé wọ́n ń sìn ín. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni wọ́n sọ fún un. Bíríkìlà tí Pásítọ̀ ń sọ yìí ò jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yẹn. Òun gan-an ló fowó ran Pásítọ̀ lọ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Rèhóbóámù ò ní.

Ọdún 12 rèé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àyè tí Bàbá ní kó wà láàrin yẹn ṣe máa ń rí fún aya. Tí mo bá wọ ibi táwọn obìnrin ìjọ ti ń tàkúrọ̀sọ, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbé àga tó dáa jù fún mi, wọ́n á wá máa wojú mi bíi pé mo fẹ́ ṣe ìkéde. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn oyún oṣù mẹ́rin bà jẹ́ lára mi, Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e mo wọ bùbá àti ìró, mo jókòó sílà iwájú, mo ń rẹ́rìn-ín sáwọn èèyàn torí mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ ọ́ di ohun àdúrà ìta gbangba. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Odògbolú ló bá mi sunkún, ìjọ mìíràn ló ń lọ, a ti jọ wà láti ilé ìwé gírámà, orúkọ mi lásán ló ń pè mí. Alaalẹ́ Wẹ́sìdeè ló ń pè mí títí mo fi lè dìde. Ká ní àyè tó wà láàrin èmi àti gbogbo èèyàn ti kan òun náà ni, mi ò mọ̀ bóyá mi ò bá ṣì wà nínú iṣẹ́ yìí.


ỌmọRegbẹ́regbẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Àsàlámù àlékúmù o. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jẹ́ n dá sí i torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìsìn.

Ẹ ò rí i, àwa Ìjẹ̀bú ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, ìdí tá a fi ní regbẹ́regbẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ orí ló ń kó wa jọ, kì í ṣe owó, kì í ṣe ìwé. Nínú ẹgbẹ́ tèmi a ní mánijà báńkì, a ní káfíńtà, a ní Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, a ní Ààfáà. Ọjọ́ kẹta Iléyá tá a bá ń lọ síbi Ojúde Ọba, aṣọ kan náà la máa wọ̀, a jọ máa rìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń lọ lọ́jọ́ ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, tí wọ́n lo ọdún 65 lórí ìtẹ́ kí wọ́n tó wàjà ní July 2025. Àwọn gan-an ló gbé regbẹ́regbẹ́ dìde padà tó fi wá rí báyìí.

Níta, mánijà yẹn ni "ọ̀gá" fún gbogbo èèyàn. Níbi mítìn-ìn ẹgbẹ́, tó bá pẹ́ dé á san fáìnì bíi tiwa. Lọ́dún kan káfíńtà yẹn dìde, ó ní "ìwọ, nígbà tí bàbá lágbájá kú, o fowó ránṣẹ́, o ò yọjú, o ò ṣe dáadáa." Ẹ mọ̀ pé kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́, ó ní òótọ́ ni, ó sì lọ.

Pásítọ̀, ṣé ẹ ní ibi kankan tẹ́ ẹ ti ń san fáìnì?


Wọ́kà_Tẹ́lẹ̀rí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:32 alẹ́

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lára ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ ọ́.

Èmi ni mo ń darí kúàyà nínú ìjọ àwọn ọ̀dọ́ kan. Pásítọ̀ wa, kíláàsì kan náà la wà, mo tiẹ̀ fi oṣù méjì jù ú lọ. A jọ ń jẹ gààrí nínú rọ́bà kan ni. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ló pè wá sí mítìn-ìn pé láti òní lọ Dádì ni ká máa pe òun. Mo pè é ní Dádì. Kò sú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí máìkì ń dún jù, ó dúró lórí pẹpẹ ó bú mi níwájú gbogbo ìjọ, mo sì rò ó pé ká ní ó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni, mi ò bá lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí n sọ fún un pé ohun tó ṣe dùn mí. Kò sí ọ̀nà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo gbìyànjú ẹ̀, ó ní "ẹ̀mí ọlọ̀tẹ̀" ló ń ṣe mí. Mo kó ẹrù mi, mo lọ.

Nítorí náà Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹ béèrè pé kí ló dé tí ọ̀rẹ́ yín ò sọ fún yín. Ẹ jókòó, ẹ rántí dáadáa. Ìgbà wo ló wá bá yín kẹ́yìn, kí lẹ sì ṣe?


Pásítọ̀Kékeré_Ṣágámù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:58 alẹ́

Wọ́kà_Tẹ́lẹ̀rí, mi ò lè sùn látìgbà tí mo ti ka ìbéèrè yín. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó wá. Tọ́sìdeè kan ni, lẹ́yìn tí mo ti ilé ìwé dé, mo wà ní mítìn-ìn pẹ̀lú àwọn olórí dépátímẹ́ńtì nínú yàrá kékeré tá a fi ṣe ọ́fíìsì. Áṣà kan, ẹni tó ń gba àlejò nínú ìjọ, kanlẹ̀kùn, ó ní ẹnìkan tí sìmẹ́ńtì wà lára ṣòkòtò ẹ̀ ń béèrè mi. Mo mọ̀ pé òun ni, ta ló tún lè jẹ́? Mo ní kó ní sùúrù kó jókòó. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó sì pẹ́, ó máa tó wákàtí kan. Nígbà tí mo jáde kò sí níbẹ̀ mọ́, ibi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn funfun fún eruku sìmẹ́ńtì, áṣà mú aṣọ ó nù ún kúrò, ó sì ní "ẹ má bínú sà, ó ti dọ̀tí ẹ̀."

Mo ní màá pè é. Lọ́jọ́ kejì mo rí mísìdìkọ́ọ̀lù ẹ̀ méjì. Mo tẹ mẹ́sééjì sí i pé mo wà níbi iṣẹ́, màá pè é padà. Mi ò pè é. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, mo gbàgbé. Lónìí tí mo ka oṣù padà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ẹ̀ ṣubú.

Ohun tá à ń sọ ní mítìn-ìn tó jókòó dúró dè yẹn ni àwọ̀ àǹkàrá tá a máa rà fún ọdún ìdúpẹ́. Mo ń kọ ọ́ síbí torí mi ò fẹ́ fi pamọ́.


TíṣàÌtàn_Odògbolú
Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Pásítọ̀, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Èmi ò ní bá yín wí, ẹ ti bá ara yín wí tó.

Ohun kan wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dún 1918 tí àrùn lùkúlùkú, ìyẹn influenza, ń pa èèyàn káàkiri, àwọn èèyàn díẹ̀ ní ìjọ St. Saviour's ní Ìtàlúpé, Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ gbàdúrà. J. B. Ṣàdárè tó wà lára wọn, alágbẹ̀dẹ wúrà ni. Sophia Ọdúnlámì tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn, tíṣà ni, ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà yẹn. Lọ́dún 1922 ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ yà wọ́n kúrò ní Áńgílíkà, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Aládùúrà àti CAC ti wá gbòòrò dé lónìí. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo máa ń dúró pẹ́ lé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti tíṣà tó mọ ilé ara wọn, tí ọ̀kan bá ṣàìsàn èkejì á mọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Kò tíì sí ọ́fíìsì nígbà yẹn, kò tíì sí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró.

Mi ò ní kẹ́ ẹ wó ọ́fíìsì yín o. Ìjọ tó bá dàgbà á nílò ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.


ÀgbàÌjọ_Ìtòrò
Ọjọ́rú, 6:35 àárọ̀

Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Aya Àlùfáà, mo padà ka orí 12 yẹn, òótọ́ lẹ sọ, mi ò kíyè sí i tó tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń dúró níwájú ẹ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú lórí oyún yẹn.

Pásítọ̀, mo fẹ́ fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ mi àná. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Owó ìkọ́lé ìjọ ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa, èmi ni alága ìgbìmọ̀, mo rò pé òun ló yẹ kó wá bá mi torí èmi ni mo wà nípò. Òun náà ń retí mi. Ọdún mẹ́rin la fi ń kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bíi àlejò, ó sì kú. Èmi ni wọ́n ní kí n ka ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ nílé ìsìn, mo sì kà á.

Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lé Dáfídì kiri, Jónátánì tó jẹ́ ọmọ ọba ló dìde tó wọ inú igbó Sífì lọ bá a, kò ránṣẹ́ sí i pé kó wá. Sámúẹ́lì Kìíní orí 23. Ọmọ ọba ló rìn. Ẹ lọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gbé òróró dání, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ẹ bẹ̀ ẹ́.


ÌyáẸlẹ́ja_Ìpẹ́rú
Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Àmín àṣẹ. Lọ lónìí ọmọ mi.


Pásítọ̀Kékeré_Ṣágámù
Ọjọ́rú, 11:20 alẹ́

Mo ti lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Mo kúrò nílé ìwé ní aago mẹ́ta, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo wọ bùbá ilé, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjókùn. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá ẹ̀ ló wà lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e lẹ́yìn, apá ọ̀tún ẹ̀ wà lórí itan bíi pé kì í ṣe tiẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ obì wà níwájú ẹ̀, ọmọ ọmọ ẹ̀ kan tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ ló ń bó o.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní ta nìyẹn, mo dárúkọ. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ ti yẹ̀ sí apá kan, ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ há kó tó jáde. Ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí. Ìgbà tó o lọ, o lọ pátá."

Ẹ̀yin ará, mo ti wàásù lórí ọmọ onínàákúnàá ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Mi ò mọ̀ bó ṣe ń rí lára ẹni tó padà dé títí di òní. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó fi ọwọ́ òsì dá mi dúró, ó ní kí n jókòó, kí n bá ọmọ yẹn bó obì, torí ọmọ náà ò mọ èyí tó ní kòkòrò.

Mo jókòó. Wọ́n ti rẹ obì yẹn, ara ẹ̀ funfun ti rọ̀, téèyàn bá fi ọmọ ìka fà á á bọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. A ó fọ̀ ọ́, a ó kó o sínú ajere kómi ẹ̀ ro, lẹ́yìn náà la ó ṣà á, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tó fọ́ lọ́tọ̀. Mo rò pé mo ṣì mọ̀ ọ́n. Ìyá nawọ́ òsì sínú èyí tí mo ti kà sí rere, ó mú mẹ́ta jáde, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wò ó, ojú ihò kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní "o ti gbàgbé." Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. A bó obì yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní kí n gbàdúrà, mi ò sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo kàn wà níbẹ̀.

Aago méje kọjá kí ọ̀rẹ́ mi tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Ẹ káalẹ́ sà." Mo dìde. Mo sọ fún un pé mo rántí bẹ́ǹṣì, mo rántí mísìdìkọ́ọ̀lù méjì, mi ò ní ẹ̀bẹ̀ tó gùn, mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní:

"Mo jókòó síbẹ̀ níjọ́ yẹn, mò ń gbọ́ ohùn yín láti inú yàrá, ẹ ń sọ̀rọ̀ àǹkàrá. Owó kọ́ ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín sà. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé apá yẹn lè má ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò fẹ́ dá délé ni. Mo fẹ́ kó o bá mi jókòó. O ò tiẹ̀ ní láti sọ nǹkan kan. Kó o kàn bá mi jókòó ni."

Ẹ wo ibi tí "yín" ti di "o". Mo gbọ́ ọ. Inú ló bí i débi tí kò mọ̀ pé òun ti yí i padà, èmi náà ò sì sọ fún un pé mo gbọ́ ọ, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́ á tún padà sí "ẹ̀yin". Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni Gẹtisémánè, bí Jésù ṣe mú Pétérù àtàwọn ọmọ Sébédè méjèèjì dání tó ní ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi, kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Kò ní kí wọ́n wàásù fóun. Wọ́n sùn lọ. Èmi ò tiẹ̀ sùn, ojú mi là sílẹ̀, mò ń ṣa àwọ̀ aṣọ.

Kò tíì parí. Nígbà tá a ti jẹun tán (ìkọ́kọrẹ́ ni, àbúrò ẹ̀ obìnrin ló sè é), ó ní nǹkan mìíràn wà tó wà lọ́kàn òun. Ó ní Sọ́ńdè kan lọ́dún tó kọjá òun wá sí ìjọ wa, òun jókòó sẹ́yìn, mo sì ń wàásù lórí ìtẹ̀síwájú, mo ní "Ọlọ́run ò dá ẹ láti máa ru búlọ́ọ̀kù kiri, ẹni tó bá rí ojúrere Ọlọ́run kò ní máa gbé pánù sìmẹ́ńtì lórí ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún." Gbogbo ìjọ pariwo àmín. Ó ní "èmi náà ṣe àmín. Mo délé mo wo ọwọ́ mi. Ìyẹn ni owó tó o fi lọ sílé ìwé."

Mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Ẹ gbọ́ mi, mi ò rántí rárá. Àpẹẹrẹ lásán ló jẹ́ fún mi, ó tẹnu mi bọ́, mo kọjá lọ. Èèyàn 70 ló gbọ́ ọ, bíríkìlà méjì, lébìrà mẹ́ta àti obìnrin kan tó ń ru omi fún wọn wà nínú ìjọ mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí mo sọ kò dáa. Wọ́n ń pè mí ní Dádì, wọ́n ń ṣe àmín. Ọdún kan gbáko.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, lórí pẹpẹ tí mo ti sọ ọ́. Mo ti sọ fún ìyàwó mi, ó ní ó ti yẹ tipẹ́, òun náà ò mọ bí òun ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún mi. Ìyẹn náà tún dùn mí lọ́tọ̀.


Wọ́kà_Tẹ́lẹ̀rí
Ọjọ́bọ̀, 6:02 àárọ̀

Mo sunkún. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ẹ má dárúkọ ọ̀rẹ́ yín o, ẹ má sì sọ ìtàn owó ilé ìwé yẹn láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ sọ ẹ̀bi tiyín nìkan. Ẹ tún bá áṣà tó nu bẹ́ǹṣì yẹn sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ.


Pásítọ̀Kékeré_Ṣágámù
Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Mo gbọ́. Màá bá a sọ ọ́ lónìí, èmi àti ẹ̀ nìkan. Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.


Aya_Àlùfáà
Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá ń rí àwọn tó ń bá èèyàn na apá àti ẹsẹ̀? Ọsibítù olùkọ́ni wà níbẹ̀ ní Ṣágámù yín, ẹ bá ọ̀rẹ́ yín béèrè bóyá wọ́n ti júwe ibẹ̀ fún un. Bàbá mi náà ní in. Àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ máa ń rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kódà tó bá ti pẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kí apá yẹn wà lójú kan. Kí wọ́n sì máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ déédéé. Ẹ tún bi ọ̀rẹ́ yín pé ta ló ń sùn ti ìyá lálẹ́, òun náà nílò ìsinmi.


ỌmọRegbẹ́regbẹ́
Ọjọ́bọ̀, 9:41 àárọ̀

Máṣàállà. Pásítọ̀, ẹ ti san fáìnì àkọ́kọ́. Kí Ọlọ́run fún ìyá ní àlàáfíà. Èmi náà ní ẹnìkan ní Ìsọ́nyìn tí mi ò rí láti Iléyá tó kọjá, mò ń lọ bá a lálẹ́ òní.


Pásítọ̀Kékeré_Ṣágámù
Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Aya Àlùfáà, ẹ ṣeun mà. Mo béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lọ, owó ọkọ̀ àti ẹni tó máa gbé ìyá wọ mọ́tò ló dá wọn dúró. Mi ò ní kíláàsì láàárọ̀ Fúráìdeè, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la máa gbé e lọ lọ́la. Òun fúnra ẹ̀ ló pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ yìí láti sọ àsìkò. Ó ní "ẹ" ní ìbẹ̀rẹ̀ torí àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn àti ṣọ́bìrì tó ń ha ilẹ̀.

Ìyá ní kí n mú ìyàwó mi àti ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé. Oníbàárà ẹ̀ láti Sábọ̀ ń bọ̀ wá kó obì ní Mọ́ńdè, apẹ̀rẹ̀ méjì ló sì kù tá ò tíì bó.